Ọ̀sàn Tí Kì Í San

Súwẹ̀bá ìyàwó Kásálì, tó ń yan ẹja léèbúté Ẹ̀pẹ́, ló kọ́kọ́ ròyìn yìí fún mi. Mo ń ná ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí ló dé tí ìdí ẹja ọ̀sàn yìí tín-ín-rín bí ìrù eku. Ó ní, "Ìyá Ràbí, ọ̀rọ̀ pọ̀ ńbẹ̀, ẹ wábi jókòó."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ iná. Múkáílà, fi etí ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀! Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi bọ́ ṣòbòlò, ó bọ́ sínú omi, ó dá lórí ẹja Ọ̀sàn àti Ìyá Alákàn. Bí mo bá kọrin, ẹ máa gbè é pé "San án!" Ẹ má dá mi dá a o, ọ̀fun mi ti ha lọ́jà.

Láyé àtijọ́, Ọ̀sàn ní ìrù gbàràgàdà bí abẹ̀bẹ̀, ó sì lójú ńlá. Ẹja kékeré, edé, ọ̀pọ̀lọ́, ohunkóhun tó bá ṣáà ti mira, ó ti gbé e mì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ yé ẹyin, ó ní láti kọ́ ilé tí yóò léfòó lójú omi. Koríko ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ta ló ń ta koríko? Ìyá Alákàn ni. Opó ni, ọmọ wẹ́wẹ́ rọ̀ mọ́ ọn níkùn. Ọwọ́ rẹ̀ tó dà bí ẹ̀mú ló fi ń gé koríko, ká, ká, ká.

Ọ̀sàn ní, "Ẹ dákun, ẹ tà á fún mi láwìn. Igbá edé mẹ́ta ni n ó fi san án."

"Ọmọ mi ni yóò jẹ edé yẹn lẹ́ẹ̀rùn o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá mi."

Ilé parí. Ìyàwó yé ẹyin, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá ní í ṣọ́ ẹyin nílé wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi fà, edé wọ́n. Ọmọ alákàn ń sunkún ebi, ìín, ìín. Ìyá Alákàn fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀sàn.

*Ọ̀sàn, Ọ̀sàn o,*
San án!
*Edé ọmọ mi dà?*
San án!
*Ebi ń pa ọmọ opó,*
San án!
*Ọ̀sàn tí kì í san,*
San án!

Ọ̀sàn dijú pinpin, ó ń hanrun. Ó ní, "Ó ti sùn."

"Ta ló sọ̀rọ̀ un?"

"Èmi ni. Mo ti sùn."

Ìyá Alákàn pòṣé, ó lọlé.

Ó tún padà wá. Ó kọrin. *Ọ̀sàn tí kì í san!* San án! Ọ̀sàn dijú, kò yíra padà, ẹ̀yìn ló fi jáde, ṣùì! Kí alákàn tó yí dé ẹ̀yìn ilé, ó ti gba iwájú wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́.

Ìyá Alákàn ní, "Ó sú mi! Ó sú mi pátápátá! Ṣé iwájú ni mo tà á fún ni, àbí ẹ̀yìn?"

Ó wá rò ó. Ẹni tó ní ẹyin nílé, ibo ni yóò sá dé? Nígbà kẹta, kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó lóṣòó ti ẹyin, bí Ìjẹ̀ṣà aláṣọ ṣe ń lóṣòó ti ajigbèsè. Ọ̀sàn, tó ti sá jáde, rò pé alákàn ti lọ, ó fẹ̀yìn wọlé, ìrù ló kọ́kọ́ dé. Alákàn ki ìrù náà mọ́lẹ̀, gbà! Ọ̀sàn fà, alákàn fà. Já!

Ọ̀sàn ké, "Ìrù mi o! Ó dáa, ẹ ti gba ìrù, gbèsè ti tán."

"Ó tán níbo? Ṣé ọmọ mi ń jẹ ìrù ni? Èmi dì í mú, ìwọ lo fà á já. Edé mi dà?"

"Ẹ ò ní jẹ ẹyin mi?"

"Èmi ò jẹ ẹyin ẹlẹ́yin. Ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn ọmọ yìí, wọn ò sì gbédè."

Kíá, Ọ̀sàn jáde. Ìdí rẹ̀ ti di tín-ín-rín bí ìrù eku, kò sí ìrù tí yóò fi sáré mọ́. Ojú tó ń dì pinpin kọ̀, kò là dáadáa mọ́. Lẹ́bẹ́ gígùn ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó ń fi ara mọ ibi tí edé ti ń mira nínú ẹrẹ̀. Bó ṣe ń ṣọdẹ títí dòní nìyẹn. Ó gbé igbá kan wá. Ó gbé èkejì wá. Ẹ̀kẹta dé, kò kún.

"Igbá ni mo wí, mi ò wí ààbọ̀."

Ó padà lọ, ó bù ú kún dẹ́nu. Àwọn ọmọ jẹun, ẹkún dákẹ́. Ìgbà yẹn ni Ìyá Alákàn tó dìde lóṣòó.

Ohun tí àlọ́ mi kọ́ni kò le: bí o bá gba ọjà opó láwìn, tètè san án. Bí o bá jẹ gbèsè tí o kò san án, gbèsè náà yóò jẹ ọ́, yóò tún ní òun ò yó.