Ìkànnì tí Dúródọlá Ṣí fún Ewì Àwọn Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Dúródọlá ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú ìwé ní ilé-ìwé girama kan ní Òkè-Ìrókò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé nìkan ni ara rẹ̀ máa ń yá gágá, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta bá pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láti ka ewì tí wọ́n kọ fún ara wọn.

Bámigbóyè ló dàgbà jù nínú wọn. Tíṣà ìṣirò ni tẹ́lẹ̀, ewì apanilẹ́rìn-ín ló sì máa ń kọ. Ṣìjúadé ń ṣe búrẹ́dì. Ara àpò ìyẹ̀fun ló ń kọ ewì tirẹ̀ sí. Ọláníyọnu, àgbẹ̀ oníkòkó, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ìwé rẹ̀, gbogbo wọn a dákẹ́ lọ́lọ́. Dúródọlá ní tirẹ̀ kì í kọ ewì. Ó ní kí òun máa gbọ́ ti tó òun.

Ní ọdún kan, òjò wọ yàrá Ọláníyọnu, ìwé ewì rẹ̀ sì rin gbingbin débi pé àwọn ojú ewé kan lẹ̀ pọ̀, wọn kò ṣeé ṣí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Dúródọlá ju ẹni tó ni ìwé lọ. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣí ìkànnì sórí ayélujára. Oṣù méjì ló fi kọ́ ọ. Ìkànnì náà kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan: ojú funfun, lẹ́tà dúdú, orúkọ ọ̀rẹ́ mẹ́ta lókè. Bí o bá tẹ orúkọ ẹnì kan, ewì rẹ̀ a jáde. Dúródọlá fúnra rẹ̀ ló tẹ gbogbo rẹ̀, ó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Nígbà tó fi hàn wọ́n, Bámigbóyè tẹjú mọ́ orúkọ rẹ̀ títí.

"Dúródọlá, ṣé ẹni tó wà ní Kánádà náà lè rí i?"

"Wọ́n á rí i, ẹ̀gbọ́n."

"Ó mà ṣe o! Àwọn ọmọ tí mo nà nítorí ìṣirò pọ̀ níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ń tọ́jú ìwé mọ́. Bí ewì bá ti jáde, Dúródọlá ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí.

Ní ọdún kẹta, Ọláníyọnu ṣàìsàn ọjọ́ díẹ̀, ó kú. Ewì mọ́kànlá ló fi sílẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n wà ju orí ìkànnì yẹn lọ. Ọmọ Dúródọlá rọ̀ ọ́ pé kó da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé. Ó ní òun á ṣe é lọ́la. Lọ́la di oṣù kan, ó di méjì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Dúródọlá lójú, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wo fóònù fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Láàárín ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń bá a gbé ìkànnì rẹ̀ sórí ayélujára kógbá wọlé. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dúródọlá kò rí ìwé náà kà. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, tó tẹ ìkànnì, ohun tó rí kò ju gbólóhùn kan lọ: "A kò rí ojú ewé yìí."

Ìtìjú mú un. Kò gbé fóònù ẹnikẹ́ni mọ́. Sátidé méjì ló ti ilẹ̀kùn, tó ń sọ láti inú ilé pé ojú ṣì ń dun òun. Ní Sátidé kẹta, ó gbọ́ ohùn Mopélọ́lá, opó Ọláníyọnu, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Gbénró. Ó ṣílẹ̀kùn. Bámigbóyè àti Ṣìjúadé wà lẹ́yìn obìnrin náà.

Dúródọlá kúnlẹ̀. "Ìyá Gbénró, ẹ dárí jì mí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọkọ yín nù."

Mopélọ́lá fà á dìde. Ó jókòó, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Aya mi kì í fi ariwo jí mi,
Òórùn ẹ̀kọ gbígbóná ló fi ń pè mí.
Bí mo bá gbé ìbínú sùn,
Mo ti gbàgbé ibi tí mo gbé e sí kí n tó bu ṣíbí kejì."

Kò dúró. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló kà tán.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?" Omi ti gba ojú Dúródọlá.

"Láràárọ̀ kí n tó lọ oko, mo máa ń ka ọ̀kan sókè nínú ìkànnì yín, kí ilé má baà dákẹ́ jù. Ẹ̀yin lẹ gbé e síbi tí ọwọ́ mi tó o."

Dúródọlá wá pẹ́ńsù, ó ń kọ. Bámigbóyè náà dìde láti ka tirẹ̀: "Ewúrẹ́ wọ kíláàsì wa, ó jẹ ìwé orúkọ tán…" Ó há síbẹ̀. Ṣìjúadé gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Láti Àjàyí dé Yétúndé, kò sẹ́ni tó wá lónìí, ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ́ 'Mo wà, sà!'" Nígbà tó kan ti Ṣìjúadé, òun náà kò rántí tirẹ̀, Bámigbóyè ló kà á láìṣì. Ewì méjì péré ni kò sẹ́ni tó rántí. Bámigbóyè ní òun ló ni méjèèjì, wọn kò sì dùn tẹ́lẹ̀.

Dúródọlá ṣí ìkànnì mìíràn kí oṣù tó parí, ó sì kọ ẹ̀dà kan sínú ìwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó tún fẹ́ bẹ Mopélọ́lá, obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Ẹ ti bọ́ wa yó."

Ìdí nìyí tí àwọn ará Òkè-Ìrókò fi ń pa á lówe pé ohun tí a bá fún ọ̀rẹ́ jẹ kì í bàjẹ́ nínú àká.