Ìdí Tí Ẹ̀rọ Ìhun-Súwẹ́tà Fi Ń Tẹrí Ba fún Àbúrò Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń fọhùn bí ènìyàn, kò sí súwẹ́tà tí í fún mọ́ni lọ́rùn ọwọ́. Gbàgà ni ọwọ́ gbogbo wọn máa ń ṣí sílẹ̀.

Ní ìlú Òkè-Ọyẹ́, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Móríyìkẹ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú ìyá tó bí Móríyìkẹ́, tó ti darúgbó. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ikọ́ kì í jẹ́ kí ìyá yìí sùn.

Móríyìkẹ́ fẹ́ hun súwẹ́tà fún un. Ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá Láṣebìkan tó ń ta ẹ̀rọ ìhun. Bàbá gbé ẹ̀rọ méjì jáde.

“Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n lè dá aṣọ hun, àbúrò ò lè dá a hun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ ṣe é, ọrùn ọwọ́ aṣọ yóò máa fún mọ́ni lára. Ẹ̀gbọ́n ni kò gbà rí.”

“Kí ni n óò gbà fún?” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Igba abẹ́rẹ́ ni mo ní. Ẹ gbé èmi nìkan.”

Móríyìkẹ́ wo bí ọ̀nà ṣe jìn, ó gbé ẹ̀gbọ́n nìkan lọ.

Aṣọ náà pupa bí osùn, ó sì dára. Ìyá wọ̀ ọ́, ó súre títí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó na apá síwájú.

“Móríyìkẹ́, aṣọ rẹ dára. Ọwọ́ rẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé.”

Móríyìkẹ́ fi okùn so ó. Okùn ń tú, ó ń so ó padà. Kí ọyẹ́ tó lọ, ìyá ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Móríyìkẹ́ tẹ́ súwẹ́tà náà sórí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ pa á. Irin kò lè sunkún, ṣùgbọ́n gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n.

“Èmi ni mo ní kí ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀,” ni ó wí.

Móríyìkẹ́ ká aṣọ náà.

“Èmi náà ni mo gbà. Mo ti lóyún. Ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀.”

Ó gbé ẹ̀rọ náà rù, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Láṣebìkan. Ẹ̀gbọ́n ní, “Àbúrò mi, dárí jì mí.”

“Mo ti gbọ́,” ni àbúrò dáhùn. “Ṣùgbọ́n mi ò ní dúró sẹ́yìn rẹ. Ojúkojú ni a ó dúró. Òwú tí o bá fà sọ́dọ̀ rẹ, èmi yóò fa èyí tó tẹ̀lé e sọ́dọ̀ mi. Bí o bá sì nà gbalaja báyìí, a ò lè pàdé.”

Ẹ̀gbọ́n rọra tẹ̀ síwájú. Abẹ́rẹ́ wọn wọ àárín ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì. Aṣọ tí wọ́n hun, bí a bá fà á, yóò nà. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò súnkì. Òun ni Móríyìkẹ́ wọ̀ fún ọmọbìnrin tó bí. Ọyẹ́ dé, ó wá ọ̀nà wọlé, kò rí.

Láti ọjọ́ náà ni súwẹ́tà ti ń di ọrùn ọwọ́ mú. Láti ọjọ́ náà sì ni ẹ̀rọ ìhun ńlá, bó ti wù kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó, ti ń tẹrí ba nígbàkúùgbà tí wọ́n bá so àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn.