Ilẹ̀kùn Ọ̀kẹ́ ní Ilé Agúnsóyè

Jálukùn ti jó oko, ó ti kó ọmọ, ó sì ti ń gòkè bọ̀. Ìròyìn tí àwọn ará Òkè-Ìsín ń jí gbọ́ nìyẹn láyé ogun ilẹ̀ Èkìtì, kò sì sí ẹni tí àyà rẹ̀ ò já, nítorí wọ́n mọ bí jagunjagun náà ṣe gba ilé ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n ní. Kì í ṣe agbára ló fi gbà á. Ó mú àbúrò baálé lóko, ó fi idà sí i lọ́rùn, ó ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa ki oríkì ìdílé wọn. Ta ni wọ́n ń kì tí orí rẹ̀ ò ní wú? Baálé gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀, ó gbọ́ orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Háà! Oríkì ló ṣílẹ̀kùn fún ikú lọ́jọ́ náà. Agúnsóyè, ọmọ baálé, ló fa ìyá rẹ̀ àti Ọ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ gba ojú àgbàrá jáde, tẹkún-tẹkún ni wọ́n sì fi gun òkè.

Agúnsóyè yìí ló kọ́ ilé tí mò ń ròyìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kì í díẹ̀ níbí, nítorí wọn ò ní gbà kí n kì í bí mo bá débẹ̀: Agúnsóyè, a-famọ̀-dènà-ogun, ọkùnrin gàgàrà tí kì í rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ tí òun ò lè ṣe, baba tó tẹ amọ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tíì gbẹ kó máa dún kóókóó, kò gbà kí wọ́n gbé òmíràn lé e. Ògiri náà nípọn débi pé ewúrẹ́ méjì lè pàdé lórí rẹ̀ kí wọ́n sì kọjá lára ara wọn. Gbogbo yàrá kọjú sí àgbàlá, òrùlé sì dà sínú, kí omi òjò lè máa ṣàn sínú àwọn ìkòkò ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ilẹ̀kùn ìrókò, ọ̀pá irin sì ni wọ́n fi dábùú rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà kọ́, Agúnsóyè fi ẹnu kan ọ̀pá irin níwájú gbogbo ìlú. Ó ní, “Mo fi Ògún búra. Bí ogun bá dé, tí a bá ti dábùú ilẹ̀kùn yìí, ẹnikẹ́ni tó bá wá ki oríkì sí wa lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú mi, a ò ní ṣí i.”

Ọ̀kẹ́, aláwàdà ọmọ, tí amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá wá ti oko dé ńkọ́? Ṣé kí n máa ké bí ewúrẹ́ ni?” Ó sì ké “mẹ̀ẹ̀ẹ̀!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àní ìyá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Agúnsóyè náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìròyìn dé pé Jálukùn ti rékọjá odò, gbogbo ìlú wọ inú ilé ńlá. Ó ku àwọn ará oko ìsàlẹ̀. Ọ̀kẹ́ ní òun á lọ kó wọn wá. Wọ́n retí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò rí i, Agúnsóyè sì ní kí wọ́n dábùú ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bo òkè, ẹni tó wà lórí ògiri kò rí ìdí ògiri. Inú kùrukùru yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ohùn tó ń ki oríkì ìdílé wọn.

Ìyá di apá Agúnsóyè mú. “Ọ̀kẹ́ nìyẹn! Ohùn ọmọ mi nìyẹn!”

“Ohùn rẹ̀ ni, Yèyé. Ohùn àbúrò bàbá mi náà la gbọ́ níjọ́sí.”

“Agúnsóyè, mo bẹ̀ ọ́.”

“Yèyé, ẹ wẹ̀yìn yín. Ẹ wo àwọn ọmọ tó wà nínú ilé yìí.” Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn náà ki oríkì títí, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké. Agúnsóyè gbọ́ ọ. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé ẹran tí Jálukùn kó lóko ni, èyí sì túbọ̀ mú un lọ́kàn le. Ewúrẹ́ náà ké, ó tún ké, kò ké mọ́.

Ọ̀sán ni Jálukùn tó dé. Ó dí odò, ó ní òùngbẹ ni yóò ṣílẹ̀kùn fún òun. Inú ilé gbẹ, ètè ọmọdé bó, àwọn àgbà ń wo ojú ọ̀run. Òjò sì dé! Ó dà láti orí gbogbo òrùlé wọ inú àgbàlá, ìkòkò kún, ó ṣàn sílẹ̀. Agúnsóyè gbé igbá omi gun orí ògiri, ó dà á sórí àwọn ọmọ ogun. “Jálukùn, gba omi, fi wẹ ẹsẹ̀, kó o máa lọ sílé! Ilé tí bàbá mi fi etí pàdánù, mo ti fi amọ̀ gbà á padà!” Òjò ń pa àwọn ọmọ ogun, oúnjẹ tán, ibà wọlé sí wọn lára. Wọ́n ṣí lọ, wọn ò padà wá mọ́.

Ìlú ń jó, wọ́n gbé Agúnsóyè sí èjìká, àfi bí àwọn ará oko tó kù ṣe yọ láti inú igbó. Ẹfúnwùmí, ìyàwó àgbẹ̀ kan, ló ṣáájú wọn. Ó ní àwọn tètè dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kùrukùru yẹn, ogun ò tíì sún mọ́ tòsí. Ó ní nígbà tí wọn ò ṣílẹ̀kùn, Ọ̀kẹ́ kó àwọn wọgbó, ó sì dúró lójú ọ̀nà tóóró láti dá ogun dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí.

Agúnsóyè bọ́ sílẹ̀ lórí èjìká wọn. “Àwọn ewúrẹ́ tí ẹ kó wá ńkọ́?”

Obìnrin náà wò ó sùn-ùn. “Ewúrẹ́ wo, bàbá? A ò kó ẹran kankan. Ọ̀kẹ́ ló ń ké bẹ́ẹ̀. A rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní ká fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun á mọ̀.”

Kò sí ẹni tó jó mọ́. Agúnsóyè fọwọ́ ara rẹ̀ dá ògiri lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí Ọ̀kẹ́ ti dúró ké bí ewúrẹ́, ògiri tó jẹ́ pé ogun ò lè dá a lu. Ó fi ilẹ̀kùn kékeré síbẹ̀, kò fi ọ̀pá sí i, kò fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ ki òun láéláé, pé ẹnikẹ́ni tó bá dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, kí wọ́n ṣí i kí wọ́n tó béèrè ẹni tí í ṣe. Títí dòní, ìyàwó kì í sun ẹkún ìyàwó nínú ilé yẹn, ẹnìkan kì í ki ẹnìkan, bí ewúrẹ́ bá sì ké lójú ìta, ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù á dìde nídìí oúnjẹ rẹ̀, á lọ ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọdé máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Agúnsóyè ò rẹ́rìn-ín sí i rí. Nígbà tó darúgbó, tó ń tọ̀pá, kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun ṣí i. Á táràkà dìde, á ṣílẹ̀kùn fún ewúrẹ́, á sì dúró síbẹ̀, á máa wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.