Ṣéènì Tí Òkété Tà fún Etu

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi lọ, ó gun kẹ̀kẹ́, ó gba ọ̀nà orísun omi, ó bá Òkété àti Etu níbi tí ṣéènì ti já. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ iná. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má sùn o, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń lọ ra nǹkan lọ́jà.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko tẹ ìlú kan dó sí etí òkun. Ẹja wà níbẹ̀, àgbọn wà níbẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ tàárọ̀ talẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, omi mímu. Ibikíbi tí wọ́n bá gbẹ́ kànga sí, omi oníyọ̀ ló ń sun. Orísun kan ṣoṣo tí omi rẹ̀ dára wà nínú igbó lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni yóò padà dé.

Etu nìkan ló ní kẹ̀kẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Ní ìdájí ni Etu máa ń so kẹ́ẹ̀gì mọ́ káríà, á lọ sí orísun, á sì padà dé kí oòrùn tó gbóná. Gbogbo ilé tó ní ọmọ kékeré ló máa ń bu omi fún. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Òkété wà lára àwọn tó ń mu omi yìí. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, kò lágbára rárá. Bí omi oníyọ̀ bá ti kàn án nínú báyìí, ara rẹ̀ á gbóná, á máa gbọ̀n. Omi Etu nìkan ni inú rẹ̀ gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ yìí sọ́kàn, nítorí bàbá rẹ̀ kò fi í sọ́kàn nígbà tó yẹ kó fi í sọ́kàn.

Òkété ìgbà yẹn kì í ṣe Òkété tí ẹ mọ̀. Ìrù rẹ̀ gùn ju báyìí lọ, irun bò ó láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó máa ń ya á lóòyà. Abẹ́ igi àgbọn ló ń pàtẹ sí, ó ń ta nǹkan kẹ̀kẹ́. Bí eruku bá bà lé ọjà, ìrù yẹn ló fi ń gbá a kúrò, á máa wo ojú àwọn èèyàn bóyá wọ́n ń wo òun.

Wàhálà kẹ̀kẹ́ nílùú náà ni atẹ́gùn òkun. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Irin tí o bá gbé sílẹ̀ lónìí, kó o tó yíjú padà, ó ti pupa bí osùn. Ṣéènì Etu dógùn-ún títí ó fi gan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó já.

Etu wo inú ilé rẹ̀. Ẹní méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ló rí. Ó ká wọn, ó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Òkété.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Àwẹ̀ró."

"Káàárọ̀, Ìyá Etu. A ò gbúròó kẹ̀kẹ́ yín lónìí."

"Ṣéènì ló já. Ẹní méjì yìí ni gbogbo ohun tí mo ní. Ẹ bá mi wá èyí tí iyọ̀ kò ní tètè jẹ, tí agbára mi sì ká."

Òkété fi ìrù gbá àtẹ. Ó mú ṣéènì kan jáde, ó funfun, ó ń kọ mànà. "Èyí kì í dógùn-ún láéláé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá hun ẹní títí ọdún á fi yí po, ẹ ò lè rà á. Erin ló ń ra irú èyí."

Ó mú òmíràn, ó dúdú. "Ẹní kan gbé èyí. Irin lásán ni o. Ọjọ́ tí òróró bá gbẹ lára rẹ̀, ìpáàrà dé nìyẹn."

Ó wá mú ẹ̀kẹta. Àwọ̀ eérú ni, kò dán, kò sì wu ojú. "Ohun tí wọ́n fi ń bo pánù òrùlé ni wọ́n fi bo èyí lára. Iyọ̀ á lá a títí, á rẹ̀ ẹ́. Ẹní méjì."

Etu gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ká wọn, ó nà wọ́n, ó yọjú wo oríkèé wọn. Kò kánjú. Ó ní, "Èyí tó funfun kọjá agbára mi. Èyí tó dúdú, ọjọ́ tí àárẹ̀ bá mú mi tí mo gbàgbé òróró, àwọn ọmọ ló máa jìyà rẹ̀. Èyí tí kò dán yìí ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dé orí òpó ná."

Àṣà ìlú náà ni. Òpó kan wà níbi tí ìgbì òkun ti ń ta omi sókè. Irin tí wọ́n bá fẹ́ tà, wọ́n á gbé e kọ́ síbẹ̀ láti ọjà kan dé èkejì. Akàn, àgbàlagbà etíkun, ló ń ṣọ́ ọ. Bí irin náà kò bá pupa, Akàn á jẹ́rìí sí i, wọ́n á tà á.

"Ó ti yá," ni Òkété wí, ó gbé ṣéènì náà fún Akàn.

Ní gbogbo àsìkò tí ṣéènì fi wà lórí òpó, ẹsẹ̀ ni Etu fi ń rin ọ̀nà orísun. Kẹ́ẹ̀gì kan ló lè rù. Ife kọ̀ọ̀kan ló ń kan ilé kọ̀ọ̀kan. Àwẹ̀ró a mu tirẹ̀ tán, a máa lá ẹnu ife.

Òkété ń ro nǹkan mìíràn. Ṣéènì aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo péré ló ní. Bí ó bá tà á, ó tà á náà nìyẹn. Ó wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀, níbi tí òkìtì ṣéènì tó ti kú wà, àwọn èyí tí iyọ̀ ti jẹ tí olówó wọn jù nù. Ojú rẹ̀ tàn. Ó wọ inú ihò lọ, ó fi yanrìn ha ọ̀kan, ó yọ́ ìda oyin, ó po eérú mọ́ ọn, ó fi kun ún láti orí dé ìdí. Nígbà tó gbẹ, ó gbé e sókè. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ojúlówó.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Bàbá Àwẹ̀ró, ṣé kì í ṣe èyí tó ti kú nìyẹn?"

"Mo ti jí i dìde."

"Ta lẹ fẹ́ tà á fún?"

"Ẹni tó bá fẹ́ rà á."

Ìyàwó yíjú padà. Ó lọ gbé Àwẹ̀ró tó ń sunkún.

Ọjọ́ ọjà pé. Akàn sọ ṣéènì kalẹ̀ látorí òpó, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Kò pupa rárá. "Ọjà gidi ni," ni Akàn wí. "Mo jẹ́rìí."

"Ẹ jẹ́ kí n fi òróró pa á fún yín, Ìyá Etu," ni Òkété wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àpótí rẹ̀. Ojúlówó wọlé, ayédèrú jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í sí kẹ̀kẹ́. Ó tún kìlọ̀ fún Etu pé kó má fi omi fọ̀ ọ́, kó máa fi àkísà gbígbẹ nù ún. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣéènì ni kò dára.

Etu dúpẹ́ títí.

Kí oòrùn tó wọ̀, àlejò kan kọjá, Ìmàdò láti ìlú òkè. Ó rí ojúlówó lórí àtẹ, ó sì ti gbọ́ lọ́jà bí Akàn ṣe yin irú rẹ̀. Ó fi àpò gàrí kan gbé e lọ. Òkété tẹ́ ẹní Etu méjèèjì léra wọn, ó nà gbalaja sórí wọn, ó fi ìrù bo ara. Ó ti ta ṣéènì kan lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ dùn.

Àárọ̀ mélòó kan kọjá, omi ń dé. Ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn, ìda ń yọ́. Ibi tí ìda bá ti ṣí, atẹ́gùn oníyọ̀ ń wọlé síbẹ̀, ó ń bá ìpáàrà àtijọ́ tó ń dúró dè é pàdé.

Ní àárọ̀ kan, oòrùn gòkè, Etu kò dé. Ara Àwẹ̀ró ti ń gbóná láti àná. "Omi," ni ọmọ náà ń wí. "Ìyá mi, omi." Omi kànga ló kù nínú ìkòkò. Ìyá rẹ̀ bù ú, ó tọ́ ọ wò, ó dà á nù.

"Bàbá Àwẹ̀ró, Etu kì í pẹ́ báyìí. Kí ló ṣe kẹ̀kẹ́ rẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé Òkété. Ó ti ṣírò èrè rẹ̀ lórí gbogbo ìlú, kò rántí pé ilé tirẹ̀ wà nínú ìlú. Ó sáré bọ́ sójú ọ̀nà orísun.

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tó rí Etu. Ó jókòó sábẹ́ igi, kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kún fún omi. Ṣéènì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní ègé ègé. Ìda ti bó. Inú rẹ̀ pupa.

Etu kò pariwo. "Bàbá Àwẹ̀ró, mo hun ẹní wọ̀nyẹn títí ìka mi fi bó. Kí ni mo fi yín ṣe?"

Òkété wo ilẹ̀. "Ẹ ò fi mí ṣe nǹkan kan. Mo pààrọ̀ rẹ̀ ni."

"Ojúlówó ńkọ́?"

"Mo ti tà á."

Etu kó ègé ṣéènì sílẹ̀. Òkété kúnlẹ̀ nínú iyanrìn. "Ìyá Etu, Àwẹ̀ró ń gbóná. Kò mu omi láti àárọ̀."

Etu dìde kánkán. Ó wo oòrùn. "Bí a bá ti kẹ̀kẹ́, tàbí tí mo bá fi orí ru kẹ́ẹ̀gì, ilẹ̀ á ṣú ká tó délé. Bí ẹ bá gbé ìgò kan sáré, ẹsẹ̀ yín kúrú, ilẹ̀ á ṣú náà. Ṣé ọmọ náà lè dúró dìgbà yẹn?"

"Kò lè dúró."

"A nílò ohun tó gùn, tó lè ká, tí kò ní já."

Òkété wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó gbé ìrù rẹ̀ wá síwájú, ìrù tó ń yà lóòyà láràárọ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló so ara rẹ̀ mọ́ ìdí káríà, ó fi ìrù yí irin eléyín iwájú, èyí tí ṣéènì máa ń gùn, po, ó fi yí ti ẹ̀yìn po, ó sì fi eyín di ṣóńṣó rẹ̀ mú. Ẹ má bi mí bó ṣe yí. Ó yí ṣáá.

"Á dùn yín o," ni Etu wí.

Òkété mi orí pé kó máa wà á lọ. Ẹnu rẹ̀ ti dí. Etu bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́, ó sì ń dárin kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Ìrù Òkété, yí lọ.
*Yí lọ, kó o gbómi relé.*
Ọmọ ń ké nílé, yí lọ.
*Yí lọ, kó o gbómi relé.*
Iyọ̀ pọ̀ lókun, yí lọ.
*Yí lọ, kó o gbómi relé.*

Bí irin eléyín ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ló ń fa irun tu. Irun bọ́ sójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ kán tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, awọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó láti ṣóńṣó wá sí àárín. Omi ń bọ́ lójú Òkété, ṣùgbọ́n kò ya ẹnu. Bó bá ya ẹnu, ìrù á yọ, kẹ̀kẹ́ á dúró.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ìyàwó Òkété na ife síta, kò kí ẹnikẹ́ni. Àwẹ̀ró mu ife àkọ́kọ́, ó mu èkejì. Ó lanu, ó ní, "Ó dùn." Ó sùn. Ooru ìba ń kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Akàn gbọ́, ó rọra wá láti etíkun. Ó wo ìrù Òkété, ó wo ègé ṣéènì tí Etu kó bọ̀. "Irin nìkan ni mò ń gbé kọ́ sórí òpó," ló wí. "N kò mọ̀ pé ó yẹ kí n máa gbé ọwọ́ tó ń tà á kọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú."

Kò sẹ́ni tó na Òkété. Kò sẹ́ni tó bú u. Ní ọjọ́ kejì, ó ru àpò gàrí, ó ru gbogbo ọjà orí àtẹ rẹ̀, ó wá Ìmàdò lọ sí ìlú òkè, ó fi gbogbo rẹ̀ gba ṣéènì aláwọ̀ eérú padà. Ó fi í sí kẹ̀kẹ́ Etu, ó dá ẹní méjèèjì padà fún un. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń fi àkísà gbígbẹ nu ṣéènì yẹn láràárọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà gbé omi títí Àwẹ̀ró fi dàgbà, tó fi bímọ.

Ṣùgbọ́n irun kò hù mọ́. Bí ẹ bá rí òkété lónìí, ẹ wo ìrù rẹ̀. Kò sí irun níbẹ̀, ó rí ní oríkèé oríkèé bíi ṣéènì. Ìdajì rẹ̀ dúdú, ìdajì tí awọ rẹ̀ bó funfun. Òun ló ṣe ń gbé inú ihò lọ́sàn-án, kí ojú má baà rí i.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ má wo dídán, ẹ wo ohun tó lè bá yín kalẹ́ tí agbára yín sì ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, kí ẹ tó kun òkú ọjà ní eérú, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ni omi inú kẹ́ẹ̀gì yẹn ń lọ bá nílé. Bí mo bá purọ́ fún yín lálẹ́ òní, kí ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi já lọ́nà oko lọ́la, kí n má sì ní ìrù tí n ó fi rọ́pò rẹ̀.