Eegun Ọrùn Gìtá Bàbá Oyèkànmí

Ní Ìdí-Ahùn tí wọ́n bí mi sí, bí télọ̀ bá fi ìkánjú gbé sísọ́ọ̀sì lé aṣọ oníbàárà, ẹnìkan á ké sí i pé, "Rọra o! Ohun tí fáìlì bá jẹ, kì í bì í." Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ fá irùngbọ̀n. Wọ́n tún ń sọ ọ́ fún ìyàwó ilé tí inú ń bí, tó fẹ́ la ẹnu sí ìyá ọkọ rẹ̀. Àlejò á máa wojú wa ṣáá. Kí ló kan fáìlì tí wẹ́dà fi ń yún irin kan ẹnu ìyàwó? Èmi ni kí ẹ bi, torí àwọn tó ń pa òwe náà jù ní àdúgbò wa ni kò mọ ilé tó ti jáde.

Ilé Àlàdé wẹ́dà ló ti jáde. Bí ẹ bá rí géètì tó dúró dáadáa ní Ìdí-Ahùn, òun ló jó o. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n. Bí oníbàárà bá ní kó rọra gé irin òun, ẹ̀rín ló máa ń rín. Á ní, "Bí mo bá gé e jù, mo máa jó òmíràn lé e. Kí ló ń bà yín lẹ́rù?" Òótọ́ ló ń sọ. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí fáìlì rẹ̀ jẹ tí iná kò bá a dá padà.

Bàbá rẹ̀, Oyèkànmí, kì í ṣe wẹ́dà. Gìtá oníná ni bàbá fi ogójì ọdún ta fún Ẹgbẹ́ Olórin Ìrẹ̀pọ̀, títí àìsàn fi sọ ọwọ́ òsì rẹ̀ di òkú. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún ní gbọ̀ngàn ìlú, àwọn àgbà tó ṣẹ́ kù ní kí Àlàdé wá jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Ó ti mọ gìtá ta láti kékeré. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, bàbá gbé gìtá rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ó ní, "Orin ìyá rẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ fún un nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ bá a."

Àlàdé gbé ìka lé okùn gìtá, ó sì yọ ọwọ́ kíá. Òkè ọrùn gìtá ní eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí eegun yẹn bá ga jù, okùn á jìnnà sí àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá, ìka á máa ro èèyàn, ohùn orin á sì máa yẹ̀. Ti gìtá yìí ga.

Bàbá ní, "Mo mọ̀ pé ó ga. Mú fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́. Fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, dá okùn padà, tẹ okùn náà mọ́ irin kẹta, kí o sì wo abẹ́ rẹ̀ níbi irin àkọ́kọ́. Bí àlàfo ibẹ̀ bá ti ku bébà kan ṣoṣo, má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Fáìlì ni mo fi ń jẹun."

Bàbá ní, "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ọjọ́rú ni Àlàdé tú okùn gìtá sórí tábìlì ní pálọ̀. Ó fa fáìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò dá okùn kankan padà. Àríkẹ́, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Bàbá Ìrètí, ṣé bí Bàbá ṣe ní kí ẹ ṣe é nìyẹn?"

"Àríkẹ́, ta ló ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀? Bí mo bá yún un jù, mo máa fi kún un."

Ó yún un títí ìyẹ̀fun funfun fi bo tábìlì. Ó wá dá okùn padà, ó fà á le, ó fi ìka gbá a. Dípò kí ohùn jáde, kíkùn ni gìtá ń kùn bí eṣinṣin inú agolo. Okùn ti balẹ̀ sórí irin àkọ́kọ́.

Àríkẹ́ ní, "Ó dà bí ẹni pé ó ń bú yín."

Àlàdé tún tú okùn kúrò. Ó kó ìyẹ̀fun eegun jọ, ó pò ó mọ́ gúlúù, ó fi dí ojú eegun náà, ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bó ṣe fa okùn àkọ́kọ́ le báyìí, okùn náà ya gúlúù ọ̀hún bí ẹni ya búrẹ́dì, ó sì padà sórí irin. Ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ tutù. Ó jókòó ti gìtá náà, ó sì sunkún. Àjọ̀dún ku ọjọ́ méjì, bàbá rẹ̀ ń retí orin, òun sì ti ba ohun tí bàbá gbé lé òun lọ́wọ́ jẹ́.

Ó gbé e lọ bá bàbá, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá fi ìka ọ̀tún tọ́ eegun náà wò.

Ó bi í pé, "Iná rẹ dà?"

"Eegun kò gba iná, Bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ohun tí fáìlì bá jẹ, Àlàdé, kì í bì í."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fi ogójì ọdún ta ohun tó ga tó yẹn?"

"Ta ló sọ fún ọ pé èyí ni mo ta? Eegun tèmi ti fọ́ lọ́dún tí ọwọ́ mi kú. Mo fi fáìsì, irin tó máa ń fún nǹkan mọ́ra, di eegun màlúù mú, mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo yìí gbẹ́ tuntun fún oṣù mẹ́rin. Ìwọ ni mo gbẹ́ ẹ fún. N kò mọ bí ìka rẹ ṣe máa le tó lórí okùn, ni mo ṣe fi í sílẹ̀ kó ga. Èyí tó bá ga, ìwọ fúnra rẹ á lè dín in kù. Èyí tó bá ti kúrú ńkọ́?"



Bàbá ní, "Dìde. Èyí tó ṣẹ́ kù lára eegun màlúù náà wà nínú àpótí mi. Ibi tí mo ti ń rí ọ ni kí o ti ṣe é."

Ibẹ̀ náà ló ti gbẹ́ tuntun, tó sì fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ó fa fáìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dá okùn padà, ó tẹ irin kẹta, ó ki bébà sí abẹ́ okùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo gbà á ní nǹkan bí ogún ìgbà. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá fẹ́ yá jù, bàbá á wúkọ́, ọwọ́ náà á sì rọ̀. Ọ̀sán Ẹtì ló tó parí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ ní gbọ̀ngàn, ó sì fi orin ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Okùn kankan kò kùn. Ohùn náà mọ́, ó dùn, ó sì kún gbogbo ilé. Ọwọ́ òsì bàbá kò mira lórí itan rẹ̀, ṣùgbọ́n tọ̀tún ń lu itan, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún.

Lẹ́yìn orin, Bàbá Jókótọ́lá tó ń lu kóńgà gba gìtá náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ní, "Àlàdé, ó ṣì ga díẹ̀ o. Ṣé o kò ráyè parí ẹ̀ ni?"

"Mo parí ẹ̀, sà. N kò mọ ọwọ́ tó máa gbà á lẹ́yìn mi ni."

Bàbá Oyèkànmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àríkẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní gbọ̀ngàn wọ àdúgbò. Títí di òní, bí ọkọ rẹ̀ bá ń bínú tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó padà, kò ní bá a jà, á kàn ní, "Bàbá Ìrètí, ẹ tẹ irin kẹta wò ná." Wẹ́dà á sì pa ẹnu mọ́, torí ó ti fi eegun bàbá rẹ̀ kọ́ ọ: ohun tí fáìlì bá jẹ, kì í bì í.