Ìdí Tí Èèrà Fi Ń Forí Kanrí Lójú Ọ̀nà

Nígbà láéláé, èèrà kì í tò. Oníkálukú wọn ló ń dá rìn. Ọ̀kan á gba ibí, èkejì á gba ọ̀hún. Bí méjì bá ṣe kòńgẹ́ lójú ọ̀nà, wọn á kọjá lára ara wọn bí ẹni tí kò mọra rí. Kò sí ẹ kú àárọ̀, kò sí níbo lẹ ti ń bọ̀.

Láyé ìgbà náà, obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà, ní abúlé kan létí odò tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Sarójà lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Nalíní sì lorúkọ ọmọbìnrin náà.

Lọ́dọọdún, bí Ọdún Fìtílà bá ti dé, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Dìwálì, ìyá àti ọmọ yìí a jọ bọ Lákíṣímì nínú ilé wọn. Lákíṣímì ni òrìṣà obìnrin tó ń mú ọlà àti àlàáfíà wọlé. Wọ́n gbà pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ilé tó bá mọ́ tónítóní, tí iná sì ń tàn níbẹ̀, ni í máa ń yà sí. Nítorí náà, wọn a gbálẹ̀, wọn a fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀ kó lè dán, wọn a po ìyẹ̀fun ìrẹsì mọ́ omi, wọn a sì fi ya ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojúbọ, kí òrìṣà lè tẹ̀ lé e wọlé.

Sarójà a di ìkúùkù, a ki ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ìyẹ̀fun, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìyẹn. Nalíní a wá fi orí ìka tirẹ̀ to ọmọ ìka ẹsẹ̀ sí i, wínníwínní. Tí wọ́n bá dé ojúbọ, ìyá a máa fi fìtílà yípo níwájú òrìṣà, ọmọ a máa mi agogo kékeré.

Nígbà tó yá, Nalíní dàgbà, ó ń lọ sílé ọkọ ní òdìkejì odò. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ìyá mi, ta ni yóò máa bá yín mi agogo?"

"Ìwọ náà ni," ni Sarójà wí. "Ìwọ ṣáà ti máa bọ̀ wálé lọ́dún."

Àmọ́ òjò ọdún náà kò rí bí òjò tí wọ́n ti ń rí. Odò kún, ó kún bo ilẹ̀, ó kún bo òrùlé. Ó gbé abúlé wọn lọ pátápátá. Àwọn tó yè é sá gun òkè kan lẹ́yìn igbó, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ilé tuntun sí. Níbi tí abúlé wà tẹ́lẹ̀, iyanrìn ló kù, àti igi àjàgbọn àtijọ́ kan tí omi kò rí fà tu.

Ohun tó ń dun Sarójà kì í ṣe ilé, kì í ṣe ẹrù. Nalíní kò mọ ilé tuntun yìí. Bó bá délé lọ́dún, iyanrìn ni yóò bá. Yóò gbà pé omi ti gbé ìyá òun lọ, yóò sunkún, yóò sì padà. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Wọ́n ní omi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òdìkejì, wọ́n ní wọ́n ti kó màlúù wọn, wọ́n ń ṣí kiri. Àárò ọmọ náà wá gba inú rẹ̀ kan. Bó bá ń se oúnjẹ, á se ti ẹni méjì. Bí ewé bá mì lẹ́yìn ilé, á yọjú.

Ọkùnrin kan wà tó ń kiri ẹ̀gbà ọwọ́, Gópálì lorúkọ rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ kọjá sókè odò, Sarójà bá a lójú ọ̀nà.

"Gópálì, jọ̀ọ́, bá mi wá ọmọ mi. Bó o bá rí i, sọ fún un pé mo wà láàyè. Sọ fún un pé lọ́jọ́ Ọdún Fìtílà, kó wá sí ìdí igi àjàgbọn. Èmi yóò ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà mi. Kó ṣáà máa tẹ̀ lé e."

"Màá wá a, Ìyá," ni Gópálì wí. Ó gbé àtẹ rẹ̀ rù, ó lọ.

Oṣù ń gorí oṣù, Gópálì kò padà.

Nígbà tí ọjọ́ ọdún pé, Sarójà da gbogbo ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò sínú odó, ó gún un kúnná. Ó gbé abọ́ ìyẹ̀fun, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí igi àjàgbọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹsẹ̀ bọ̀. Òun ló ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, òun náà ló ń to ọmọ ìka. Òrùn ń pa á, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó la igbó kọjá, ó ń gun òkè bọ̀.

Mínà, ìyàwó ilé kejì, rí i níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nalíní. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ni gbogbo wa ti ń yà á. Àbí Lákíṣímì kò mọ ọ̀nà abúlé wa ni?"

"Òrìṣà mọ ọ̀nà, ìyàwó," ni Sarójà wí, kò gbórí sókè. "Ọmọ mi ni kò mọ̀ ọ́n."

 Mínà lọ bu omi tútù wá fún un mu.

Ìgbà tí òrùn ń wọ̀ ló yà á dé ẹnu ọ̀nà. Ó wẹ̀, ó ró aṣọ tó mọ́. Ó tẹ́ aṣọ pupa sórí àpótí, ó gbé ère Lákíṣímì kékeré tí wọ́n fi amọ̀ mọ lé e. Ó gbé ìkòkò omi síwájú rẹ̀, ó to ewé máńgòrò yí ẹnu ìkòkò náà ká, ó sì gbé àgbọn lé e. Ó fi àtíkè pupa kan ère náà níwájú orí, ó fi òdòdó sí i lọ́rùn, ó fín tùràrí. Ó tan àwọn fìtílà alámọ̀, ó tò wọ́n sí ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Adùn tí wọ́n fi àgbọn àti wàrà ṣe, tí Nalíní fẹ́ràn jù, ó gbé e síwájú òrìṣà.

Ó wá ku fìtílà tí yóò fi yípo. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un. Agogo wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mì í. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ òsì gbé e. Agogo náà kò dún dáadáa. Kì í ṣe ọwọ́ òsì ìyá arúgbó ló ń mì í tẹ́lẹ̀.

"Ìyá Lákíṣímì," ló wí, "ẹ kú abọ̀. Kò sí ọ̀nà tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá pàdé ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jọ máa bọ̀."

Ó parí ìjọsìn, ó gbé fìtílà kan, ó jáde lọ wo ọ̀nà.

Kò sí ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀.

Ó sáré lọ síwájú, ó tẹ̀ba, ó fi iná wo ilẹ̀. Erùpẹ̀ nìkan ni, àti èèrà tó ń rìn gátagàta.

"Yéè! Ta ló jẹ ẹsẹ̀ ọmọ mi?"

Èèrà kan tó ti dàgbà, tí gbogbo wọn ń pè ní Àgbà Èèrà, gbórí sókè.

"Àwa ni, Ìyá. Omi kó gbogbo oúnjẹ tí a tọ́jú pa mọ́, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá tán. Láràárọ̀ lẹ máa ń da ìyẹ̀fun sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ó ní, 'Ẹ̀yin kéékèèké, ẹ wá jẹun o.' A rò pé tòní náà ni."

Sarójà kò lè bá wọn jà. Òtítọ́ ni, òun ló ń pè wọ́n jẹun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún.

"Ẹ kò jalè," ló wí nígbà tó yá. "Àmọ́ tòní yàtọ̀. Ẹsẹ̀ tí mo yà ni ọmọ mi yóò tẹ̀ lé wálé. Kò sì sí ìrẹsì kankan mọ́ tí mo lè fi ya òmíràn."

Ojú ti Àgbà Èèrà. Ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ṣì ní ìyẹ̀fun lẹ́nu?"

"Mo ní díẹ̀," ni ọ̀kan wí. "Èmi náà ní," ni òmíràn wí.

"Ẹ má gbé e mì o. Ẹ jẹ́ ká tò láti ibí dé ìdí igi àjàgbọn. Kí oníkálukú gbé funfun ẹnu rẹ̀ sókè, kí ọmọ náà lè rí i."

Ṣùgbọ́n wọn kò tò rí. Àwọn kan yà sápá ọ̀tún, àwọn kan yí padà, àwọn tó wà láàárín kò mọ ibi tí iwájú wà. Wọ́n ń jà, wọ́n ń tú.

"Ẹ dúró!" ni Àgbà Èèrà kígbe. "Kí kálukú gbé orí rẹ̀ kan orí ẹni tó bá pàdé, kó bi í léèrè ọ̀nà."

Bí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà Sarójà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ láàárín igbó bí òwú funfun tín-ínrín. Sarójà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bu òróró sí fìtílà.

"Ẹ bá mi bi wọ́n o," ló wí. "Ṣé ó ti dé?"

Èèrà tó wà nítòsí rẹ̀ forí kan èyí tó tẹ̀ lé e: "Ṣé ó ti dé?" Ìyẹn bi ìkejì rẹ̀. Ìbéèrè náà ń lọ láti orí dé orí títí ó fi kan ìdí igi àjàgbọn. Ẹ̀yìn náà ni ìdáhùn ń padà bọ̀.

"Kò tíì dé."

Sarójà a tún bu òróró sí fìtílà, a tún ní kí wọ́n bá òun bi wọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe é di ìdájí.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, wọ́n rí ẹnì kan tó ń gun òkè bọ̀, ó ń wo ilẹ̀ bó ti ń rìn. Sarójà dìde. Gópálì ni, tòun tàtẹ lórí.

"Ìyá, ọpẹ́lọpẹ́ òwú funfun yìí ni n kò fi ṣìnà," ló wí. "Mo rí ọmọ yín o. Ó wà láàyè! Ó ti bímọ. Omi ṣì pọ̀ ju èyí tó lè gbé ọmọ jòjòló là kọjá lọ. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ wà, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń bọ̀. Ó ní kí ẹ má pa ọ̀nà náà rẹ́."

"Ibo ló wà báyìí?"

"Ibi tí mo ti rí i kọ́ ló máa wà mọ́, Ìyá. Ibi tí koríko bá wà ni wọ́n ń kó màlúù wọn lọ."

Sarójà yíjú sí èèrà. "Ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ẹ má tú o, ẹ jọ̀ọ́."

"A ò ní tú," ni Àgbà Èèrà dáhùn. "A ó tún lọ pàdé rẹ̀ ni. Nígbà tí a kò mọ ibi tó wà, ibi gbogbo la ó wá a dé."

Ìlà náà bá kọjá igi àjàgbọn. Ó pín sí méjì, ó pín sí mẹ́rin, ó pín títí kò ní iye. Wọ́n gba orí ẹ̀ka igi tó wó lu odò, wọ́n la oko, wọ́n gun òkè. Àwọn kan wọ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lábúlé náà kò gbúròó rẹ̀ rí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí odò fà, ọ̀kan nínú gbogbo ìlà wọ̀nyí dé ẹsẹ̀ Nalíní níbi tó ti ń fún wàrà màlúù. Ó wò ó, ó rí ìyẹ̀fun ìrẹsì lẹ́nu wọn, ó mọ̀ pé ọ̀nà ilé ìyá òun ni. Ó gbé ọmọ sí ìbàdí, òun àti ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló gun òkè dé. Sarójà ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá mi," ni Nalíní wí.

 Sarójà di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ pa á lójú, ó ń fọwọ́ pa á lórí, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ló gba ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó gbé e mọ́ àyà.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin èèrà, ẹ ṣeun, ẹ kú àfaradà. Ó ti dé o! Ẹ ránṣẹ́ sáwọn yòókù, kí wọ́n sinmi."

Èèrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà forí kan ìkejì rẹ̀: "Ó ti dé!" Ìyẹn sọ fún òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ti lọ jìnnà. Wọ́n ti sọdá ilẹ̀, wọ́n ti bímọ sójú ọ̀nà, àwọn ọmọ náà sì ti tò tẹ̀ lé wọn.

Láti ọjọ́ náà ni èèrà ti ń tò, tí wọn kì í dá rìn mọ́. Ìyẹn náà ló fà á tí ẹ ó fi rí wọn pẹ̀lú nǹkan funfun wínníwínní lẹ́nu, lẹ́yìn ilé yín níhìn-ín pàápàá. Bí ọ̀kan bá ń lọ tí èkejì ń bọ̀, wọn a dúró díẹ̀, wọn a forí kanrí.

"Ṣé ó ti dé?" ni ọ̀kan ń béèrè.

"Kò tíì dé," ni èkejì ń wí, wọn a sì kọjá lọ. Ìròyìn pé ó ti dé ṣì wà lójú ọ̀nà.