Ìda Eyín Ikúmápàyí

"Kí lo fi ṣe èyí?"

"Rọ́bà inú táyà, Yèyé."

"Èyí tó ṣáájú ńkọ́?"

"Sílípáàsì ni mo gé. Kí n tó ṣe ìyẹn, mo ti lo rọ́bà funfun tó ti òkè òkun wá."

"Gbogbo wọn ló ya?"

"Gbogbo wọn. Apá òsì kan náà ni wọ́n sì ti ń ya."

Báyìí ni Àṣàbí gbé ìdààmú rẹ̀ wá síwájú Yèyé, abọ̀rìṣà Olókun, ní etí ọ̀sà. Òmùwẹ̀ ni Ikúmápàyí ọkọ rẹ̀. A máa lọ fi okùn so igi gẹdú tó ti rì sísàlẹ̀ omi. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ní ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú ọ̀pá gígùn kan, rọ́bà tó ń fi eyín di mú sì ni ẹnu ọ̀pá náà. Àṣàbí ní ń ṣe rọ́bà yìí ní ìwọ̀n eyín ọkọ rẹ̀, èyí tó wà lára ìda oyin kan tí ọkọ náà ti bù jẹ. Èyí tó ṣe kẹ́yìn ya mọ́ ọn lẹ́nu nísàlẹ̀ omi. Díẹ̀ ló kù kó má padà wálé.

Orímisàn, tí òun àti Ikúmápàyí jọ ń wọ omi, tẹ̀lé e wá, nítorí rọ́bà tirẹ̀ náà ń ya.

Yèyé da obì sínú àwo omi. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ rúbọ. Ìda àtijọ́ tí ẹ fi gba ìwọ̀n eyín, ẹ yọ́ ọ lórí iná, kí ẹ sì fi í tan iná fún Olókun. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gba ìwọ̀n tuntun. Olókun ń béèrè ẹni òní. Ẹni àná ni ẹ ń rán sí i."

Orímisàn bú sẹ́rìn-ín. "Rọ́bà tó le ni mo wá béèrè, Yèyé, ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ ìda! Màá wá èyí tí kìnnìún ò lè jẹ ya." Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Àṣàbí kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wọn ni ọkọ rẹ̀ bu ìda yẹn jẹ. Ẹ̀rín ń pa á lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ọ̀hún ṣì wà lára ìda. Síbẹ̀, ó gbé e kaná. Omijé rẹ̀ ń kán sínú ìkòkò, iná sì ń ta pàràpàrà.

Ó mú ìda tuntun lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ yanu."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà yà á."

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó yà á.

"Ta ló kó eyín apá òsì yìí lọ?"

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yọ."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Ìwọ lo sọ pé ẹ̀rín mi lo rí tí o fi fẹ́ mi. Mi ò fẹ́ kí o rí i pé ó ti lu."

Eyín kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Òun nìkan ní ń gbé ohun tí mẹ́ta ń gbé tẹ́lẹ̀, abájọ tó fi ń gé rọ́bà. Àṣàbí fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ bù ú jẹ," ó wí.

Rọ́bà inú táyà kan náà ló tún fi ṣe é. Òjò dé, òjò lọ, kò ya.

Orímisàn rí rọ́bà líle tirẹ̀ rà. Òun náà kò ya; eyín Orímisàn ló ya. Etí omi ló wà báyìí tó ń di àwọ̀n, ẹ̀kọ mímu ni oúnjẹ rẹ̀. Àṣàbí gbọ́ ẹbọ, ó rú u, ilé rẹ̀ tutù. Orímisàn gbọ́, ó fi ṣẹ̀sín, àbámọ̀ ló ń jẹ lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ikúmápàyí ti ki ẹsẹ̀ kan bọ ọkọ̀, ló bá yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu, ó bojú wẹ̀yìn:

"Má tọ́jú ìda tọ̀tẹ̀ yìí o, Àṣàbí. Yọ́ ọ. Èmi yìí ṣì ń darúgbó bọ̀."